Ẹ̀jẹ̀ Kò Lè Ro Ẹjọ́ Kíndìnrín

Oníṣòwò obì ní Sábó, Ṣágámù, kì í fi èyí tí ó wà lórí agbọ̀n díye lé gbogbo rẹ̀. Yóò tú u dé ìsàlẹ̀, nítorí ibi tí ojú kò tó ni kòkòrò ń fara pamọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ara ènìyàn rí. Àbùdá àjogúnbá kan náà ni ó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín lè máa sùn lọ́hùn-ún.

Ẹ̀jẹ̀ ni Yorùbá ti fi ran ìmọ̀ yìí lọ́wọ́ jù. Ní 2010, ìwádìí kan jáde lórí bí àbùdá ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ará Ìbàdàn 69. Ní ọdún kan náà ni àwọn onímọ̀ kéde pé irú méjì kan nínú àbùdá APOL1, tí ń dáàbò boni lọ́wọ́ àìsàn oorun kan, a máa ba kíndìnrín jẹ́. Nínú ènìyàn 8,355 tí wọ́n yẹ̀ wò ní Nàìjíríà àti Ghana, ìwádìí 2024 rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3 nínú 10 tí ó jogún ewu yìí lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá.

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú APOL1 inú ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé kíndìnrín ẹni tí ó ní ewu náà fún aláìsàn tí kò ní in, kíndìnrín ọ̀hún kì í sábà pẹ́ bí ti ẹlòmíràn. Inú kíndìnrín fúnra rẹ̀ ni ìjà náà wà. Bí ara bá ń bá àrùn jagun, ohun ìjà rẹ̀ tí ń jẹ́ interferon a máa ta APOL1 jí níbẹ̀. Ogun tí ó yẹ kí ó gba ilé là ni ó ń wó ilé.

Ṣùgbọ́n nínú àkójọ ńlá tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2020, òkú 838 ni wọ́n ti mú ẹran ara; ìran Òyìnbó sì lé ní 4 nínú 5. Oògùn tí a bá gbé ka irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lè ṣàì bá ara Rẹ́mọ mu.

Ilé ìwòsàn ìkọ́ni wà ní Ṣágámù láti 1986. Òmíràn wà ní Ìlíṣàn. Bí dókítà bá tọrọ ègé kíndìnrín, ẹbí lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í pé: “Dókítà, kí lẹ fẹ́ fi ẹran ara bàbá wa ṣe? Ibo lẹ ń gbé e lọ?” Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Ẹni tí ó bá dáhùn rẹ̀ ní èdè tí bàbá gbọ́, tí ó sì ṣetán láti gba “rárá,” ni ó tọ́ kí wọ́n sọ “bẹ́ẹ̀ ni” fún.