Kí Wọ́n Tó Fọ́máàtì Kọ̀ǹpútà Yín

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa lórí oríkì Oníkòyí fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwátì, ohun tí a sì rí kọ́ níbẹ̀ lè wúlò fún ẹlòmíràn lọ́la.

Ìkòyí-Ilé, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, ni a ti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ìlú èṣọ́ ni, àwọn jagunjagun tí kì í kẹ̀yìn sógun. A da ohùn náà sórí kọ̀ǹpútà kí a lè máa tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí olè fi gbé fóònù tí a fi gbà á ní gáréèjì. Láàárín oṣù kan náà, ìyá kan nínú àwọn tó kì í fún wa papò dà. Ìgbà náà gan-an ni kọ̀ǹpútà yarí: iná lọ lójijì, nígbà tó dé, ó ń tàn, ó ń kú, kò wọlé mọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a gbé e lọ bá ní òun á fọ́máàtì rẹ̀, òun á fi Windows tuntun sí i. A ní àwọn ohùn ńkọ́? Ó ní ìyẹn ti lọ nìyẹn. A gbé kọ̀ǹpútà wa, a bọ́ síta.

Bọ̀dá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́kọ́ bi wá pé, "Kí ló wà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ ò fẹ́ kó sọnù?" Wọ́n ní Windows ló bàjẹ́, ilẹ̀kùn ló há, ẹrù inú yàrá kò jóná. Wọ́n ki fúláàṣì tí Ubuntu wà nínú rẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n fi ìyẹn tan kọ̀ǹpútà láìfọwọ́ kan Windows. Ọ̀fẹ́ ni Ubuntu, ó ti wà láti ọdún 2004. Ọ̀rọ̀ àwọn ará gúúsù Áfíríkà ni orúkọ náà, ó sì sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní ọmọlúàbí. Fóldà wa yọ. A ṣí ọ̀kan, ohùn ìyá jáde. Kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ nínú wa. Bọ̀dá kó gbogbo rẹ̀ sórí háàdì mìíràn kí wọ́n tó tún Windows ṣe.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọ́máàtì kọ̀ǹpútà yín, ẹ ní kí wọ́n kó ẹrù jáde ná. Bí háàdì bá ń dún kẹ́kẹ́, ẹ pa á, ẹ má tàn án mọ́ títí yóò fi dọ́wọ́ onímọ̀. Bí fáìlì bá ṣèèṣì parẹ́, ẹ má kó nǹkan tuntun síbẹ̀, kí tuntun má baà jókòó lé ti àtijọ́ lórí. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn, bíi Google Drive.

Oríkì Oníkòyí la ogun já nítorí pé ẹnu púpọ̀ ló gbé e. Ohùn ìyá náà ti wà níbi mẹ́ta báyìí. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn ní Ìkòyí-Ilé.