Imú Tó Di Adití

Irú ni mo fi mọ̀. Ìyá mi ra irú pẹ̀tẹ̀ bọ̀ láti ọjà Bódìjà, wọ́n ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí tábìlì, èmi ò sì mọ̀ pé irú wà nítòsí. Irú! Ohun tí wọ́n á fi ọ̀rá mẹ́ta wé, tí àwọn èrò inú ọkọ̀ á ṣì máa wo ojú ara wọn. Mo gbé e sún mọ́ imú, mo fa èémí títí àyà mi fi kún. Afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ jáde, kò mú nǹkan kan dání. Oṣù kìíní ọdún 2021 ni, nígbà tí kòrónà tún gbérí lẹ́ẹ̀kejì ní Nàìjíríà.

“Ibà ni,” ni ìyá mi kọ́kọ́ wí. Àmọ́ ta ni ò mọ ẹnu ibà? Ẹnu ibà korò; omi lásán á dà bí ewúro, èébì á sì máa gbé ni. Eléyìí ò korò, kò kan, kò sì dùn. A tún mọ imú ọ̀fìnkìn: ikun ló ń dínà mọ́ òórùn, ọjọ́ tí ikun bá gbẹ, òórùn dé nìyẹn. Imú tèmi gbẹ, ọ̀nà rẹ̀ sì ṣí gbayawu. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló là wá lóye lórí fóònù, nítorí láti ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni ìjọba ibẹ̀ ti ka àìgbóòórùn mọ́ àmì kòrónà, pẹ̀lú ibà àti ikọ́.

Yorùbá kì í sọ pé òun rí òórùn. Gbígbọ́ là ń gbọ́ ọ, bí a ṣe ń gbọ́ ìlù. Imú mi kò dí. Adití ló dà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àmàlà ṣe rí lẹ́nu adití. Ó gbóná, ó rọ̀, ó tán síbẹ̀. Ewédú yọ̀ kọjá lọ́nà ọ̀fun. Gbẹ̀gìrì di nǹkan kíki kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Pọ̀nmọ́ ń bá eyín jà lásán. Iyọ̀ wà níbẹ̀, ó jìnnà bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò. Ata nìkan ló jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó ta mí létè, ó fa omi lójú mi, síbẹ̀ iná ni mo jẹ, n kò jẹ ata. Nígbà tó dalẹ́, mo po Mílò. Omi gbígbóná oníṣúgà ni mo mu.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé a ti ń fi iṣẹ́ imú yin ahọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Márùn-ún péré ni ahọ́n mọ̀: dídùn, kíkorò, kíkan, iyọ̀, àti adùn ẹran òun irú tí àwọn ará Jàpáànì ń pè ní umami. Ìyókù, láti ẹ̀yìn ọ̀fun ni èéfín oúnjẹ tí à ń jẹ ti ń gòkè lọ bá imú, imú ni yóò sì sọ pé gbẹ̀gìrì rèé, ewédú rèé. Ti ata yàtọ̀. Iṣan mìíràn tó ń gbọ́ ooru àti ìrora lójú àti lẹ́nu ló ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan wà tí àrùn náà gba ti ata pàápàá lọ́wọ́ wọn. Èmi ṣì rí ìyẹn dì mú.

Lókè lọ́hùn-ún nínú imú, ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ni awọ pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí àwọn iṣan tó ń gbọ́ òórùn ti ń yọrí jáde. Èèyàn á rò pé àwọn iṣan yẹn ni kòrónà ń pa. Ó tì o. Àwọn tó yí wọn ká, tó ń tọ́jú wọn, ló sábà máa ń kọlù. Ajá ọdẹ kò kú, ẹni tó ń bọ́ ọ ló kú.

Mo jókòó sí pálọ̀ títí ẹ̀wà fi jóná kanlẹ̀ lórí iná, aládùúgbò ló wá kan ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti gba ilé ìdáná lọ́wọ́ mi. Wọn ò jẹ̀bi: gáàsì ìdáná fúnra rẹ̀ kì í rùn, ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ po ohun olóòórùn burúkú mọ́ ọn kí imú lè tètè ké gbàjarè. Mo ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ nítorí n kò mọ bí ara mi ṣe ń rùn. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní oṣù kẹta, ilẹ̀ gbígbẹ mu ún, èmi dúró lójú fèrèsé bí ẹni tó ń wo fíìmù tí kò ní ohùn.

Nígbà tí òórùn máa padà, irọ́ ló kọ́kọ́ ń pa. Àlùbọ́sà tí wọ́n ń dín ń rùn sí mi bíi táyà tó ń jó. Parosmia ni àwọn oníṣègùn ń pe èyí. Kọfí, àlùbọ́sà, áyù àti ẹran díndín ló sì máa ń fà á jù. Mo wá kà nípa ẹ̀kọ́ imú tí olùwádìí Thomas Hummel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Dresden, nílẹ̀ Jámánì, ní 2009: kí èèyàn máa fa òórùn mẹ́rin símú, òdòdó rose, yukalíptọ́ọ̀sì, lẹ́mọ́ọ̀nù àti kànáfùrù, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Kànáfùrù wà nílé. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́, èfìnrín àti lọ́fínńdà ìyá mi dí àlàfo ìyókù.

“Ṣé o fẹ́ kọ́ imú ní A-B-D ni?” ni wọ́n bi mí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Èmi àti àlùbọ́sà díndín kò tíì parí ìjà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án, mo wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, “Mà, irú yìí mà ń rùn o!”

Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, “Irú ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rùn.”