Apá Ọ̀tún Ìwé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó tún mú wa jókòó láàárín àwọn ọmọ kéú wa ní Ìkirè. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wá, ojú kò dùn wá, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ohun gbogbo pòórá. Dókítà ní ọpọlọ wa lápá òsì ni ó fara gbọgbẹ́, ẹyinjú kò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ọ̀tún ni kéú ti ń bẹ̀rẹ̀! Àárín ìlà ni a ti ń kà. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí, ìka ni a fi ń wá etí ìwé. Abdullahi ọmọ Ummu Maktum fọ́jú, ó sì ń pe ìrun fún Ànábì. Tiwa kò tó ìyẹn.

Ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí, bí ẹ bá na ọwọ́ sí wa lápá ọ̀tún tí a kò gbà á, ẹ má bínú. A kò rí i ni.