Nígbà Tí Ìrì Bá Bo Gíláàsì Ọkọ̀

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí òwe yìí ti bá ènìyàn mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá ọkọ̀ mu, nítorí pé gíláàsì iwájú ni ojú ọkọ̀. Bí ó bá ṣú, ọkọ̀ náà ti fọ́jú nìyẹn, ẹni yòówù kí ó jókòó sí ìdí sítíárì rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ìgbà òjò ni ìṣòro yìí máa ń pọ̀ jù, pàápàá ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, àti nígbà tí òjò bá tún padà dé lẹ́yìn ìsinmi oṣù Kẹjọ. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀ ni ẹ ti rí i tí gíláàsì ṣàdédé funfun bí ẹni pé wọ́n da omi ògì sí i lára.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè ohun tí ó kan olùkọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ilé nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Wọn yóò ní iṣẹ́ dírẹ́bà tàbí ti baálé ilé ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin ni Mary Anderson, ará ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ìjọba ibẹ̀ fún ní ìwé àṣẹ ní ọdún 1903 nítorí ọ̀pá tí ó ṣe, èyí tí awakọ̀ lè fi máa nu gíláàsì láìjáde kúrò nínú ọkọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí gíláàsì náà, inú ilé ìdáná ni àwa obìnrin ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo ìdérí ìkòkò ìrẹsì: oru tí ó gòkè lọ bá a ni ó di omi tí ó ń kán. Ẹ gbé ìgò omi tútù jáde láti inú fìríìjì sí orí tábìlì. Kò ní pẹ́ tí ara rẹ̀ yóò fi máa làágùn. Omi inú ìgò kọ́ ni ó jò. Omi tí ojú kò rí, tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá, ni ó kan ara tútù tí ó sì di ìrì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gba omi sára ju afẹ́fẹ́ tútù lọ. Ẹ jẹ́ kí á mú àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kan kan. Bí ìgbóná bá jẹ́ 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gba omi tí ó tó nǹkan bíi gíráàmù 30. Bí ó bá tutù dé 20, nǹkan bíi gíráàmù 17 péré ni ó lè gbà. Èyí tí ó ṣẹ́kù yóò lẹ̀ mọ́ ohun tútù tí ó bá wà nítòsí. Nínú ọkọ̀, gíláàsì ni ohun tútù náà.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ni ó yẹ kí á bi ara wa kí á tó fọwọ́ kan ohunkóhun: inú ni ìrì yìí wà, tàbí òde? Kí ọkọ̀ tó gbéra, tàbí nígbà tí ó bá dúró, ẹ fi ìka fa ìlà sí gíláàsì láti inú. Bí ìlà náà bá hàn, inú ni. Bí kò bá hàn, òde ni. Ìtọ́jú méjèèjì kò dọ́gba, èyí tí ó wo ọ̀kan sàn lè mú èkejì le sí i.

Ti inú ni a máa ń rí jù nígbà tí òjò bá ń rọ̀. A ti gbogbo fèrèsé, èémí wa kún inú ọkọ̀, aṣọ tutù àti agboòrùn wà lórí ìjókòó, òjò sì ń mú gíláàsì tutù láti òde. Bọ́tìnì kan wà tí wọ́n ya àwòrán ọkọ̀ sí, tí ọfà kan sì yí po nínú rẹ̀. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn, afẹ́fẹ́ kan náà ni ẹ ń mí sínú tí ẹ ń mí síta. Ẹ pa á, kí afẹ́fẹ́ òde lè wọlé. Ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ sì darí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sí gíláàsì iwájú. Ẹ̀rọ yìí a máa fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Òun ni omi tí ẹ ń rí tí ó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ yí ìgbóná sókè díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí gíláàsì tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ kì í gba ìrì. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, ẹ ṣí fèrèsé ọ̀tún àti ti òsì níwọ̀n ìbú ìka kan.

Ní oṣù Keje ọdún kan, mo gbé mẹ́ta nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi láti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Òjò ti pa wọ́n kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, ìró àti ìborùn wọn sì tutù rinrin. A kò tíì kọjá Ìkirè tí gíláàsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Mo yà sí ilé epo kan, mo sì bi wọ́n pé, "Inú ni tàbí òde?" Ọ̀kan fa ìlà, ó ní, "Inú ni, mà. Àwa gan-an ni ìkòkò tí ó ń hó." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A kó ìborùn tutù sínú àpò ọ̀rá, a jẹ́ kí afẹ́fẹ́ òde wọlé, a sì darí amúlétutù sí gíláàsì. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí ojú ọ̀nà fi mọ́ kedere.

Ìdí tí mo fi dúró kí n tó ṣe èyí kò ṣòro. Ọkọ̀ tí ó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta nu gíláàsì lórí ìrìn ti fi ojú dídì rin mítà 50. Ọmọ ọlọ́mọ lè wà láàrin mítà 50 náà.

Ti òde yàtọ̀. Ní ìdájí tàbí lẹ́yìn òjò, afẹ́fẹ́ òde gbóná, ó sì kún fún ọ̀rinrin, ṣùgbọ́n amúlétutù ti sọ gíláàsì di ìgò inú fìríìjì. Ẹ fi wáípà nù ún, ẹ dín ìtutù kù, kí ẹ sì darí afẹ́fẹ́ kúrò lára gíláàsì sí ibi ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá tún mú ìtutù le sí i ń fa ìrì mọ́ra ni.

Iṣẹ́ wà nílé pẹ̀lú. Ẹ máa fọ inú gíláàsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ìrì a máa lẹ̀ mọ́ eruku àti ọ̀rá. Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ọ̀rá wà lára ọwọ́. Bí ó bá mọ́ tí ó sì gbẹ, ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí aṣọ gbígbẹ, ẹ fi pa inú gíláàsì, kí ẹ sì fi aṣọ mìíràn nù ún títí yóò fi dán. Ọṣẹ yóò mú kí omi tẹ́ pẹrẹsẹ dípò kí ó di ẹ̀kán wẹ́wẹ́, ojú yóò sì lè ríran kọjá. Ẹ máa sá ẹní ìtẹ́lẹ̀ ọkọ̀ sí oòrùn. Bí ilẹ̀ ibi ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó níwájú bá ń tutù láìjẹ́ pé òjò wọlé, ó lè jẹ́ pé ihò tí omi amúlétutù ń gbà jáde ti dí; ẹ fi han mẹkáníìkì. Àwọn kan a máa gbé àpò iyọ̀ sínú ọkọ̀. Lóòótọ́ ni iyọ̀ ń fa omi, gbogbo wa ni a ti rí i bí ó ti ń sun nínú agolo nígbà òjò, ṣùgbọ́n bí ó bá dà sílẹ̀, yóò jẹ irin ọkọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọbẹ̀.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọbìnrin yín ní nǹkan wọ̀nyí kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣe gbogbo rẹ̀ tí ojú ọ̀nà kò tíì mọ́, ẹ wá ibi tí kò léwu, kí ẹ dúró. Kò sí òjò tí kì í dá. Ọmọ tí ó pẹ́ dé ilé-ìwé yóò rí àlàyé ṣe fún olùkọ́ rẹ̀.