Ọkàn Là Ń Wò, Ọpọlọ Là Ń Ṣọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí, tí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀ tún wá ń dí, ìtọ́jú rẹ̀ gba ìfura. Irú rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi tí ń ta aṣọ. Ọ̀rẹ́ wọn kan, tí wọ́n ki wáyà sí iṣan ọkàn rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ń lo prasugrel, ara rẹ̀ sì dá. Ló bá bù fún wọn nínú rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Àbí ẹ rò pé inú wọn dùn sí mi!

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè gba ọkàn là, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ọpọlọ tí ó ti fara gbọgbẹ́. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2007, nínú èyí tí aláìsàn ọkàn 13,608 wà, fi hàn pé prasugrel dènà ìkọlù ọkàn ju clopidogrel lọ. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí, ìpalára rẹ̀ ju àǹfààní lọ. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà kì í fi í kọ ọ́ fún irú wọn.

Clopidogrel ni dókítà fún ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú atorvastatin fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru yìí ni mo kà sí jù, nítorí òun ni ó ń ba iṣan ọkàn àti ti ọpọlọ jẹ́ pọ̀. Sìgá, wọ́n ti jọ̀wọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú ìkùnsínú. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni a ṣì ń jà lé lórí.