Ẹ̀yìn Abiyamọ

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi ní ọdún 2022, gbogbo ẹni tí ó wọlé ni ó ń kí mi kú ewu ọmọ. A kò mọ̀ pé ewu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni.

Kò pé oṣù méjì tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọmọ lórí ẹní, a dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún mi. Àwọn ìyá ilé ní ìkúnlẹ̀ ni ó fà á, wọ́n sì ń fi omi gbígbóná jó mi lẹ́yìn. Nígbà tí ó ṣe, kábà mi tí kì í kan ilẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀: mo ti kúrú! Nígbà tí wọ́n ya àwòrán egungun mi, wọ́n rí i pé méjì nínú egungun ọ̀pá ẹ̀yìn mi ti rún. Èmi tí n kò ṣubú, tí n kò gbé odó! Osteoporosis ni orúkọ rẹ̀, egungun tí inú rẹ̀ ti ṣófo bí afárá tí a fún oyin rẹ̀ tán. Arúgbó ni mo mọ irú rẹ̀ mọ́.

Bí dókítà ti là á yé mi nìyí. Kálísíọ̀mù tí ń mú egungun le a máa bá omi ọmú jáde, bí ìwọ̀n mílígíráàmù 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, ara ìyá a sì máa bù nínú egungun rẹ̀ fún ọmọ. Gbogbo abiyamọ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, egungun a tún kún padà. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má tìtorí tèmi sá fún fífún ọmọ lọ́mú. Àwọn díẹ̀ péré ni egungun wọn ń fọ́. Láti ọdún 1955 ni Nordin àti Roper ti kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú Lancet, síbẹ̀ ẹ̀yìn ríro lásán ni à ń pè é.

Ìgbànú líle tí wọ́n fi di ẹ̀yìn mi, kálísíọ̀mù àti fítámínì D, ìwọ̀nyí kò ni mí lára. Oògùn bisphosphonate ni dókítà kò fẹ́ kánjú fún mi, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń wà nínú egungun, mo sì tún fẹ́ bímọ. Ohun méjì ni ó le: kí n já ọmọ lẹ́nu ọmú ní oṣù mẹ́ta, kí n má sì pọ̀n ọ́n.

Ìyá ọkọ mi bú sẹ́kún. Ọmọ oṣù mẹ́ta! Kí ni aráyé yóò wí? Ọmọ náà kò kúkú gbọ́ àlàyé dókítà. Bí ó bá ti ké, ọmú mi a máa kán sí aṣọ, èmi a sì kọjú sí ògiri. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta ni ìyá gba ìgò mílíìkì lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, lọ sùn. Ẹ̀yìn tèmi ṣì wà níbí.”

Nígbà tí ó tó ọdún kan ààbọ̀, wọ́n tún egungun mi yẹ̀ wò, ó ti kún sí i. Ìrora ti lọ, ṣùgbọ́n gíga tí mo pàdánù kò padà. Dókítà ní kí n rò ó dáadáa kí n tó tún lóyún. Mo ṣì ń rò ó.