Ta Ló Yẹ Iṣẹ́ Rẹ Wò?

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí, ìtìjú wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbàgbọ́ pé yóò ran ẹnìkan lọ́wọ́.

Ní ọdún 2016, mo wà lára àwọn tí ń gba ìdílé nímọ̀ràn nínú ìjọ wa ní Ọ̀dà, l'Ákùúrẹ́. Mo gbọ́ pé ilé ìwé kan ń kọ́ni ní sáíkọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa èrò àti ìwà ẹ̀dá, títí dé dìgírì másítà, ní ọjọ́ Sátidé nìkan. Owó àjọ tí mo kó ni mo fi san. Ìwé nìkan ni a ń kà. Kò sí ọjọ́ kan tí olùkọ́ jókòó tì mí láti wo bí mo ṣe ń bá ẹni tí ìdààmú bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí mo gba ìwé ẹ̀rí, arábìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wá sọ́dọ̀ mi. Kò rí oorun sùn, ẹkún ló ń sun, kò sì fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbàdúrà tí mo sì ń gbà á nímọ̀ràn. N kò mọ̀ pé àìsàn ọkàn tí í máa ń bá abiyamọ ni, n kò sì ní kó lọ rí dókítà. Lóru ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ bá a létí kànga. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ sì yá.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan bi mí pé, "Màmá, níbo lẹ ti kọ́ iṣẹ́ yìí?" Mo ní ìjọba fọwọ́ sí ilé ìwé wa. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Àṣẹ ilé ìwé lọ́tọ̀, ìfọwọ́sí ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀."

Mo wádìí, òótọ́ ni. Àjọ NUC, tí ń ṣe àbójútó àwọn yunifásítì wa, ti ń rán àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ yẹ ẹ̀kọ́ dìgírì kọ̀ọ̀kan wò láti nǹkan bí ọdún 1990: ohun tí wọ́n ń kọ́ni, olùkọ́, ilé ìkàwé àti irinṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tó yege pátápátá ń gba ìfọwọ́sí ọdún 5. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó ń gba ọdún 2 láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀kọ́ tí mo náwó lé lórí, n kò rí i nínú èyí tí wọ́n fọwọ́ sí.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ másítà ti gba àkókò. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ti ń yẹ ẹ̀kọ́ dókítà wò láti nǹkan bí ọdún 1948, ṣùgbọ́n ó di 2018 kí ìgbìmọ̀ wọn tó pinnu láti yẹ ti másítà náà wò.

Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ tọkọtaya náà, mo sì jẹ́wọ́ fún Pásítọ̀. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó ọmọ yín, ẹ béèrè: Ta ló fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ yìí gan-an? Títí di ọdún wo? Ta ni yóò dúró tì í nígbà tó bá ń kọ́ṣẹ́? Pọ́ọ̀lù gba Tímótì níyànjú láti jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ojú kò ní tì. Ẹni tó bá ń tọ́jú ọkàn ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ òun náà wò.

Olúwa yóò fún wa ní ọgbọ́n. Àmín.